Adágún Omi Orí Òkè Àṣá-Sinmi

Ẹ súnmọ́ mi, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má jókòó sí apá òsì mi, nítorí ọwọ́ yẹn ni mo máa ń nà bí inú bá ń bí mi, inú yóò sì bí mi lónìí. Ẹ̀yin lẹ fà á. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n sọ ti òbúkọ igbó tó dé fìlà, ẹ kọ̀, ẹ ní ti òkè ni ẹ fẹ́ gbọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ mi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ọdẹ́kúnlé, ará Ìdí-Àpáta. Nígbà kan rí, bí mo bá dárúkọ ara mi báyìí, mo máa ń fi Afọwọ́pẹkùn kún un, àwọn èèyàn á sì hó yèè. N kò fi kún un mọ́. Ẹ óò gbọ́ ìdí rẹ̀ kí oòrùn tó kúrò lórí igi àgbálùmọ̀ yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí léèrè ṣáájú.

Ẹ gbójú sókè wo òkè tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Òkè Àṣá-Sinmi nìyẹn. Àṣá tó bá fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bà sí ìdajì kó mí, ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Bàbá mi gun òkè yìí nígbà tí oyún mi ṣì wà nínú ìyá mi. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́hùn-ún, ó sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú akèrègbè omi kan lọ́wọ́. Ó ní adágún omi kan ń bẹ lórí òkè náà, tó fẹ̀ débi pé ẹni tó dúró ní bèbè kan kò lè dá ẹni tó wà ní bèbè kejì mọ̀. Ó ní bí èèyàn bá ń gòkè lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀nà yóò jẹ́ kó rí i: lẹ́ẹ̀kíní yóò tó igbá, lẹ́ẹ̀kejì yóò tó ẹní, lẹ́ẹ̀kẹta kò ní sí ohun tí a ó fi wé e. Àwọn ọdẹ gba akèrègbè, wọ́n tọ́ omi náà wò, wọ́n ní omi odò tí a fi ń fọ aṣọ ni. Wọ́n ní ta ló rí omi tó gun òkè rí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ bàbá mi ní Olómi-Òkè, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń bi í bóyá ẹja inú rẹ̀ ní ìyẹ́ apá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi gbọ́ ọ, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ ni pé, “Ó wà níbẹ̀,” á sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe. Èmi tó bí kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni bàbá mi kú. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín: bí ọdẹ bá kú, a kì í kàn sin ín kí a gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ dànù. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣípà fún un. Wọ́n á fi aṣọ ọdẹ rẹ̀ wọ ère, wọ́n á gbé e pẹ̀lú àpò àti fìlà rẹ̀ lọ sínú igbó, Olúọdẹ á sì sọ ohun tó ṣe láyé sókè kí igi àti ilẹ̀ gbọ́, kó lè fi ẹgbẹ́ alààyè sílẹ̀, kó sì dé ibi tó ń lọ. Ọdẹ tí a kò bá ṣípà fún, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí; kò ní lè wọlé, kò sì ní lè máa lọ. Olúọdẹ wa nígbà náà ni Ògúnmọ́dẹdé, ọkùnrin fífẹ̀ kan tó máa ń fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀. Òun àti bàbá mi jọ dàgbà ni, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nígbà èwe. Òun yìí ló dìde nínú ìpàdé tó ní a kì í ṣípà fún ọdẹ tó fi irọ́ sẹ́nu kú. Ó ní bí ilé wa bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é, kí èmi àkọ́bí wá sí ìpàdé tí yóò bọ́ sí ọjọ́ kẹtàdínlógún, kí n kúnlẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, kí n sọ lẹ́ẹ̀mẹta pé bàbá mi purọ́. Ẹ wo ọwọ́ òsì mi, ó ti ń nà. Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀ sí i.

Mo padà délé, mo bá ìyá mi, Àṣàkẹ́, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá mi, ní gbogbo ìdájí, òun ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ikọ́ kúkúrú méjì, bó ṣe máa ń wú u kó tó wọlé bó bá ti igbó ọdẹ dé. Bí òun bá ṣílẹ̀kùn, òun kì í rí ẹnikẹ́ni.

“Ọmọ mi, bàbá rẹ ń dúró,” ló wí. “Ìdúró ò dáa fún arúgbó. Tó bá jẹ́ pé kó o kúnlẹ̀ ni wọ́n ń wí, jọ̀ọ́, kúnlẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, nítorí n kò rí i kó bẹ èèyàn rí. Ṣùgbọ́n mo dáhùn pé ẹni tí mo bá kúnlẹ̀ fún láti ba orúkọ bàbá mi jẹ́, mo ti kúnlẹ̀ sórí ibojì rẹ̀ nìyẹn. Mo ní òkè ni n ó gùn. Mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi, mo gbé ìwo ẹtù àti àpò kọ́, mo sì lọ.

N kò ní fi ohun tí mo jẹ lọ́nà dá yín lágara. Ibi tí igi tán tí àpáta bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ bá mi débẹ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ há sáàárín àpáta méjì, ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí àgbọ̀n mi ń fara kan ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Ìwin kan ló jókòó dí i. Ó fẹ̀yìn ti àpáta kan, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti èkejì, àwọn orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì wà lókè bí òrùlé. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Ó rí mi, ó dá mi mọ̀ bí ọdẹ, síbẹ̀ ó ń ju èèpo ẹ̀pà sí mi lórí. Èmi tí efọ̀n ti yà fún lọ́nà! Mo bi í bóyá wọn kò kọ́ ọ nílé. Ó ní ilé tí wọ́n ti kọ́ òun, àlejò kì í béèrè ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Ó ní àlọ́ kan ni òun ní, ìdáhùn mẹ́ta ni mo ní, bí mo bá sì ṣì í lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun yóò na ẹsẹ̀ òun, nítorí ó ti ń ro òun.

“Kí ló bá ọ gòkè,” ló wí, “tó sì ṣáájú rẹ sọ̀ kalẹ̀?”

Ẹ gbà mí, ṣé àkókò àlọ́ nìyẹn? Bàbá mi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwin ń pa àlọ́. Mo fi ìbínú sọ pé fìlà ni. Ó ní fìlà kì í já bọ́ lórí ọlọ́gbọ́n, orúnkún kan sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Mo ní òkúta tí ẹsẹ̀ mi yẹ̀ ni. Ó ní òkúta ti wà lókè kí wọ́n tó bí mi, kò bá mi gòkè ibì kankan, orúnkún kejì sì sọ̀ kalẹ̀ débi tí mo fi ní láti tẹ̀ba. Ibi tí mo tẹ̀ba sí ni nǹkan kan ti yọ́ láti iwájú orí mi, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú mi, ó kán sórí àpáta, ó sì ń ṣàn lọ sísàlẹ̀ níbi tí mo ti wá. Mo kígbe pé òógùn ni. Ìwin náà gbé orúnkún rẹ̀ sókè, mo sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo ti fi í sẹ́yìn kó tó sọ pé bàbá mi kò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kó tó gbà á. Ẹ ò rí ìwọ̀sí.

Bí mo ti yọ sókè níbẹ̀ ni mo wẹ̀yìn ọ̀tún, tí mo rí àlàfo kan láàárín orí àpáta méjì. Ohun kan ń dán nínú rẹ̀. Ó funfun, ó rí roboto, kò ju igbá tí ìyá mi fi ń bu ògì lọ. Mo jókòó, mo ń wò ó, mo sì ń sunkún bí ọmọdé, nítorí kí n sọ òtítọ́ fún un yín, èmi fúnra mi ti ṣiyèméjì rí. Ní ọdún kan tí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an, mo padà délé, mo sì bi bàbá mi bóyá kì í ṣe pé ó lálàá. Ó gbójú sókè wò mí. Ìwò yẹn ni mo rántí níbi tí mo jókòó sí.

Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà kò ṣe é pè ní ọ̀nà mọ́. Àwọn kan ti gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sára àpáta láyé àtijọ́, èèyàn á fi ìka ọwọ́ di ọ̀kan mú kó tó tẹ òmíràn, ọ̀gbun sì ń bẹ lọ́wọ́ òsì tí ẹyẹ ń fò nísàlẹ̀ rẹ̀. Níbi tó tẹ́ díẹ̀ ni mo ti bá ìyá arúgbó kan tí kò ga ju orúnkún mi lọ, tí irun rẹ̀ funfun ń wọ́ nílẹ̀. Òkúta ló ń ṣà jọ. Ó ti kó wọn ní òkìtì òkìtì, àwọn òmíràn kéré, àwọn òmíràn ga tó ebè iṣu. Mo kí i, ó kí mi, ó sì fi ọwọ́ hàn mí pé tèmi nìyẹn. Òkìtì tó nà sí dé ìbàdí mi. Ó ní gbogbo irọ́ tí ọdẹ bá pa nípa igbó, òkúta ni í dà, á sì yí gòkè wá bá òun. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ ru tirẹ̀.

Mo bá a jà. Mo ní èmi kì í purọ́, àfi kí n fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Ó mú èyí tó tóbi jù nínú òkìtì náà, ó gbé e sí mi létí, ó sì ní kí n gbọ́ bó ti ń wí. Ohùn èmi fúnra mi ni mo gbọ́ níbẹ̀, tí mò ń sọ bí mo ṣe fi ọwọ́ lásán fún ẹkùn lọ́rùn pa. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹkùn náà ti kú sínú pàkúté Bàbá Adégòrìolú fún ọjọ́ méjì kí n tó débẹ̀, òórùn rẹ̀ gan-an ló mú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín yìí, ẹ lọ wo òkìtì tiyín. Mo tú àpò mi, mo ń kó òkúta sí i, mo sì ń ráhùn. Mo wá bi ìyá náà pé èwo ni ti bàbá mi. Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́, òkúta kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó ní bàbá mi mú ẹran ìgalà kan wálé lọ́jọ́ kan, ìyá mi jẹ́ kó jóná nínú ìkòkò, bàbá mi sì ní ẹran náà ni kò dáa láti inú igbó. Ó ní òun kò rí òmíràn.

Òkúta kan wà tí n kò béèrè. Ó tóbi tó ahéré, ó dúró gbàgìdì sáàárín ọ̀nà, ó sì kù díẹ̀ kó dí i pátápátá. Àlàfo tó ṣẹ́kù láàárín òun àti ọ̀gbun kò ju ìbú èèyàn tín-ín-rín lọ. Ìyá náà ní ti Ògúnmọ́dẹdé ni. Ó ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé kò tó ẹyin adìẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ẹni tó ni ín bá tún sọ fún ìlú pé kò sí omi lórí òkè ló ń wú sí i. Mo gbèjà ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo ní ẹni tí kò gun òkè rí, tó ní kò sí omi níbẹ̀, àìmọ̀ ni tirẹ̀, kì í ṣe irọ́.

Ìyá arúgbó náà ju òkúta kan sórí òkìtì. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé kò gùn ún rí? Òun àti bàbá rẹ ni wọ́n jọ gba iwájú mi kọjá ní ọjọ́ kan náà. Òun ló ṣíwájú.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti pàdé ìkookò tó ya wèrè, erin ti lé mi wọ odò, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ náà kò tíì ṣe mí rí. Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Ní gbogbo ọdún tí bàbá mi fi ń ní “Ó wà níbẹ̀,” ẹni tó lè ní “Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà rí i” ń jókòó tì í nínú ìpàdé, ó ń lé eṣinṣin. Kò kàn dákẹ́ o. Òun ló fún un lórúkọ Olómi-Òkè. Òun ló wá sílé wa lọ́jọ́ ìsìnkú, tó jẹ ẹran wa, tó nu ọwọ́, tó sì lọ dìde nínú ìpàdé pé kí n wá kúnlẹ̀. Mo gbé àpò òkúta yẹn kọ́ èjìká, mo gba àlàfo náà kọjá, mo sì ń gun àpáta lọ bí ẹni pé kò sí ohun kankan nínú àpò, nítorí ìbínú ń tì mí lẹ́yìn. Mo kọjá ibi tí omi náà ti tó ẹní, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má wò ó. Ìgbà tí mo dé òkè téńté, tí ilẹ̀ tẹ́, ni mo tó dúró.

Ó wà níbẹ̀. Kí n má fi nǹkan kan wé e, bàbá mi ti ní kò sí. Ojú ọ̀run wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìkùukùu rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lórí rẹ̀ wá bá mi, ó tutù, ẹrẹ̀ bèbè rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Bí mo bá yíjú sẹ́yìn, mo ń rí Ìdí-Àpáta nísàlẹ̀, gbogbo òrùlé ìlú náà kò tó ohun tí èèyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò. Mo da àwọn òkúta mi sílẹ̀ sí bèbè. Ìgbà náà ni mo rí bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sórí omi bí ẹni jókòó sílé, tó ń di àwọ̀n, tí omi kò sì rin ín. Ó ní òun ló ni ín. Ó ní ẹni tó bá fojú kan adágún òun, nǹkan méjì ló wà tó lè mú lọ. Ó lè dákẹ́ nípa rẹ̀ títí ayé, ẹran kì í sì í wọ́n ọn nígbó. Tàbí kó sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì gbà á gbọ́. Ó ní àwọn méjì kan wá rí, ọ̀kan mú ìdákẹ́, ọ̀kan ní òun kò lè rí irú nǹkan báyìí kí òun má sọ fún aya òun.

Mo bi í pé ṣé òun ló ní kí ẹni tó mú ìdákẹ́ pe ẹnì kejì rẹ̀ ní òpùrọ́.

“Ìdákẹ́ ni mo ní kó dá,” ni bàbá olómi wí. “Ìyókù, òun ló fi ṣe èlé.”

Mo ní èmi kò mú ọ̀kan nínú méjèèjì. N kò ní sọ ọ́, n kò sì ní bá a pa á mọ́. Mo ní efọ̀n kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó jẹ́ kí n pa ní bèbè rẹ̀. Ó dẹwọ́ iṣẹ́, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ó ti mọ ohun tí mò ń rò, ẹ̀yin náà yóò mọ̀ ọ́n láìpẹ́. Ó ní gbogbo ẹran tó ń mu omi níbẹ̀, ti òun ni, kí ni n ó fi dípò. Mo fún un ní fìlà mi, kò gbà. Mo fún un ní ọ̀bẹ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀. Ó nawọ́ sí òkúta tó tóbi jù nínú èyí tí mo dà sílẹ̀, ó ní orúkọ inú rẹ̀ ni òun fẹ́. Mo dúnàá dúrà títí ẹnu fi gbẹ mí. Orúkọ yẹn ló fẹ́ ìyàwó fún mi, ẹ̀yin èèyàn. Ṣùgbọ́n mo rántí ikọ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì fún un ní Afọwọ́pẹkùn. Ó ní ó dáa, efọ̀n mi wà lẹ́yìn mi.

Mo yíjú. Akọ efọ̀n kan ti inú koríko yọ, ó dorí kodò, ó ń bọ̀. Mo kígbe sí bàbá olómi pé ṣé kò ti fún mi ni. Ó ní, “Mo ti fún ọ. N kò sọ pé òun gbà.” Mo fa ìbọn, ó dún kẹ́, kò yìn; òógùn tí mo fi dáhùn àlọ́ ti rin ẹtù mi. Ìgbà yẹn ni ọkùnrin sá. Òkìtì òkúta mi ni mo fò lé, mo ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, efọ̀n náà sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kọ lù ú, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì há sáàárín àwọn irọ́ mi. Kó tó yọ wọ́n, mo ti rọ ẹtù gbígbẹ láti inú ìwo sínú ìbọn, mo yìn ín sẹ́yìn etí rẹ̀. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un yín pé irọ́ kò ní èrè, ẹ ní kó wá rí mi, ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ fún àwọn ọmọ yín.

Mo gé ìrù rẹ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ ti ń mi orí, ó ti yé e yín. Ọdẹ tó bá fi ìrù efọ̀n lélẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, ẹnì kankan kì í béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìde tẹ̀lé e lọ sí ibi tí ẹran wà, obìnrin á gbé agbọ̀n, Olúọdẹ ni yóò sì kọ́kọ́ fi ọ̀bẹ kàn án. Olúọdẹ tí kò bá lọ, oyè ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Omi ni bàbá mi gbé sọ̀ kalẹ̀, omi kò sì ní òfin tó fi ń mú èèyàn dìde. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ: ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun tó.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n rí mi tí mò ń bọ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ níwájú Olúọdẹ kí n rí ibi kúnlẹ̀ sí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́, mo sì fi ìrù náà lélẹ̀. Ariwo sọ. Ògúnmọ́dẹdé nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo ẹrẹ̀ funfun tó gbẹ mọ́ irun ìrù náà. Ó bi mí ibi tí mo ti pa á, mo ní ibi tó ṣubú sí ni. Ó ní orúnkún ń dun òun. Àwọn ọdẹ ní àwọn yóò gbé e bí kò bá lè rìn, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹ efọ̀n, ó sì dìde.

A gòkè, ìyá mi wà láàárín àwọn obìnrin pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀. Kò sí ìwin lójú ọ̀nà lójú tiwọn, àfi èèpo ẹ̀pà tó kún ilẹ̀, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó jẹ ẹ́. Níbi àlàfo àkọ́kọ́ ẹnì kan ní kí a wo ohun tó ń dán lọ́hùn-ún, Olúọdẹ yára ní ìkùukùu ni. Mo gbọ́ ọ, mo ń gòkè lọ. A dé ibi òkúta ńlá; a kò bá ìyá arúgbó náà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn fẹ̀gbẹ́ kọjá, ó ku Ògúnmọ́dẹdé. Ó kó ikùn sínú, ó wọ inú àlàfo náà, ó há. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà, irọ́ rẹ̀ tì í láyà, ọ̀gbun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló fà á yọ, awọ àyà rẹ̀ sì bó. Èmi kò fà.

Nígbà tí a dé òkè téńté, efọ̀n náà wà níbi tí mo fi í sí, inú rẹ̀ ti wú, òórùn rẹ̀ ti ń jáde. Ẹnikẹ́ni kò wò ó. Èèyàn tó ogójì ni wọ́n dúró sórí òkè náà, tí gbogbo wọn kọjú sí omi. Ìyá mi gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó rìn wọ inú ẹrẹ̀ funfun títí omi fi dé orúnkún rẹ̀, ó bu u, ó fi bọ́jú. Ògúnmọ́dẹdé ti kẹ̀yìn sí omi, ó ti yọ ọ̀bẹ, ó ní kí a tètè kun ẹran kí ilẹ̀ má ṣú. Mo bi í pé kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní efọ̀n ló wà níwájú òun. Mo tún un bi, ó tún un sọ. Ìyá mi ló jáde nínú omi, tó wá dúró tì í, tí omi ń kán lára aṣọ rẹ̀.

“Ògúnmọ́dẹdé,” ló wí, kò gbóhùn sókè, “ìwọ àti ọkọ mi lẹ jọ wá sídìí igi nílé bàbá mi nígbà tó ń fẹ́ mi. Fi irin tó wà lọ́wọ́ rẹ kan ahọ́n, kó o wá sọ fún mi. Kí ló wà lẹ́yìn rẹ?”

Ọdẹ kì í fi irin kan ahọ́n kó purọ́. Ó gbé ọ̀bẹ náà sókè dé ìdajì, ó sì jókòó sílẹ̀.

“Omi ni,” ló wí. “Èmi àti Ọdẹ́kúnlé la jọ mu nínú rẹ̀.”

Ní ọjọ́ keje la ṣípà fún bàbá mi ní bèbè adágún náà. Ògúnmọ́dẹdé ló fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gbé ère gòkè, òun ló sì sọ ọ́ sókè pé ọdẹ yìí rí omi, ó sọ ọ́, òótọ́ ni. Àwọn kan ní kí n jẹ́ kí inú mi rọ̀ wàyí, pé òtítọ́ ti lékè. Ẹ má sọ ọ́ fún mi. Òtítọ́ lékè nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ti kún fún erùpẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí n kò bínú sí Ògúnmọ́dẹdé, n ó sì máa bínú sí i títí wọn yóò fi ṣípà fún èmi náà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo bá ìyá mi tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó fi etí lé e. Mo bi í bóyá ó gbọ́ ikọ́. Ó mi orí pé rárá. Mo ní a dúpẹ́, ó ti lọ. Ìyá mi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti lọ, ó wá jókòó sórí àpótí, ó sì sun ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ tí a sin ín.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Bí ẹ bá rò pé mo fi iyọ̀ sí i, òkè náà kò kúrò níbi tó wà. Ẹ gùn ún, ẹ kí ìyá arúgbó yẹn fún mi, kí ẹ sì ní kó ka òkúta mi fún un yín.